Eré 5K ṣáájú páréèdì July 4: ẹni tó máa dé kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ìlú tá a wà níbí ní Amẹ́ríkà máa ń bá wọn rìn nínú páréèdì July 4, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, lọ́dọọdún. Kọmití páréèdì wá ní láti ọdún tó ń bọ̀ káwa gba eré 5K àárọ̀ ọjọ́ náà ṣe, pé owó ibẹ̀ máa lọ sí ilé tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fáwọn tí ò ní, ká sì máa ṣe é lọ́dọọdún. Aago mẹ́wàá ni páréèdì máa ń gbéra, ojú títì kan náà la máa lò. Ìpàdé wa àkọ́kọ́ ti di ìjà. Àwọn kan ní ká kọ́kọ́ ṣe mẹ́dà tó rẹwà, àwọn kan ní ká lọ pe àwọn sárésáré tó lórúkọ, akápò wa ní ká kọ ọ́ sórí pósítà pé gbogbo owó ló ń lọ fún àánú. Kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí nínú wa. Níbo ká ti bẹ̀rẹ̀? Èmi, Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà ìpàdé. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń bá wọn ṣe irú eré yìí níbí, mo ti pín omi, mo ti gun kẹ̀kẹ́ wọn ojú ọ̀nà, mo ti ṣe ọ̀gá eré lódindi, ohun tí mo sì rí ni pé ìjà tẹ́ ẹ ń jà yẹn gbogbo kọmití tuntun ló ń jà á, ó kàn jẹ́ pé ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ nínú yín. Ẹ fi mẹ́dà sílẹ̀ ná. Ẹ fi sárésáré sílẹ̀. Ẹni tó máa dé kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, torí òun ló máa sọ aago tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, iye wákàtí tẹ́ ẹ máa fi gba ọlọ́pàá, títí dórí omi.

Ẹ wá ká jọ ṣírò ẹ̀. 5K, ìyẹn kìlómítà márùn-ún, jẹ́ máìlì 3.1. Ọmọ ilé ìwé tó mọ eré í sá dáadáa á ti dé ní ìṣẹ́jú 16 tàbí 17. Ẹni tó kàn ń rìn, tó ń lo ìṣẹ́jú 20 lórí máìlì kan, ìṣẹ́jú 62 ló máa gbà á. Màmá àgbà tí orúnkún ń dùn, tàbí bàbá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ gun òkè, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 25 lórí máìlì, ìyẹn á fẹ́ẹ̀ tó ìṣẹ́jú 78. Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, torí ọjọ́ ìsinmi ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ tètè jí, ẹni àkọ́kọ́ á dé ní 9:16, ẹ máa pàtẹ́wọ́, ẹ máa ya fọ́tò, ara gbogbo yín á yá gágá, bẹ́ẹ̀ ẹni ìkẹyìn ṣì ń bọ̀ lọ́nà, 10:18 ló máa tó dé, páréèdì á sì ti wà lójú títì fún ìṣẹ́jú 18 nígbà yẹn.

Ojú mi ni irú ẹ̀ ṣe. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá eré, aago mẹ́sàn-án náà la fi bẹ̀rẹ̀. Màmá àgbà kan wà níbẹ̀, ó wọ bàtà funfun, ó fi pín-ìnnì mẹ́rin de nọ́ḿbà ẹ̀ mọ́ àyà dáadáa. Ó ku bí ìdajì máìlì kó dé nígbà tí mọ́tò panápaná tó máa ń ṣíwájú páréèdì fọn fèrè lẹ́yìn ẹ̀. Ọlọ́pàá kan rọra ní kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ìgbà tí mo fi máa sáré dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó ti ń tú pín-ìnnì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká nọ́ḿbà náà sí mẹ́rin, ó kì í bọ àpò, ó wá sọ fún mi pé òun ò mọ̀ pé àwọn tó ń sáré nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Bẹ́ẹ̀, màmá yìí ló lọ ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò ẹ̀ tó gba owó àánú wá ju ẹnikẹ́ni lọ lọ́dún yẹn! Mi ò lè gbàgbé bó ṣe ká nọ́ḿbà yẹn láéláé.

Ohun tó jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn nìyẹn. Nínú eré tí wọ́n ń ṣe fún àánú, àwọn tó ń rìn máa ń pọ̀ gan-an, àwọn ló sì ń kó ẹbí, ọ̀rẹ́, aládùúgbò wá. Sárésáré tó ń wá ipò kìíní, kò burú, ẹ kí i káàbọ̀, àmọ́ ó lè má mọ ohun tí owó náà wà fún rárá.

Nítorí náà aago mẹ́jọ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, tó bá sì ṣeé ṣe 7:30. Ẹ ti mọ aago tí páréèdì máa gbéra, ìyẹn ò tó. Ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ni mọ́tò àkọ́kọ́ máa wọlé láti wá tò, àti pé títì wo ni wọ́n ti ń tò, torí àwọn tó ń kó mọ́tò alárànbarà wá, àwọn oníbáńdì, àwọn ẹlẹ́ṣin, wákàtí kan àtààbọ̀ ṣáájú ni wọ́n ti máa ń dé. Tẹ́ ẹ bá lọ fi ibi ìparí eré yín síbi tí wọ́n ti ń tò, ẹṣin á máa pàdé ọmọdé. Ibi tí páréèdì máa parí sí ni kí eré náà parí sí, ẹ sì jẹ́ kí máìlì tó kẹ́yìn bá ọ̀nà páréèdì lọ, ibi tí páréèdì ń kọjú sí ni kẹ́yin náà kọjú sí. Tí ẹni kan bá wá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, páréèdì á máa bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni, kò ní í pàdé ẹ̀ lójúkojú.

Ẹ wá èèyàn kan tó ní sùúrù, kó gun kẹ̀kẹ́ tàbí kó fẹsẹ̀ rìn, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa bá ẹni ìkẹyìn bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kó ní fóònù àti omi lọ́wọ́. Kó má tì í, kó má sì kán an lójú. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ìṣẹ́jú 80 lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ṣí títì sílẹ̀ fún páréèdì, pé ẹni tó bá ṣì kù nígbà yẹn á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, àmọ́ wọ́n á ka àkókò ẹ̀, á sì gba mẹ́dà ẹ̀. Téèyàn bá ti mọ̀ ṣáájú, kò ní í dun ẹnikẹ́ni.

Tẹ́ ẹ bá wá ṣírò ṣírò tí aago ò gbà yín, ẹ pín ọjọ́. Ní Holyoke ní Massachusetts, páréèdì St. Patrick's wọn tó ti wà láti 1952, ọjọ́ Sunday ni, eré 10K tí wọ́n so mọ́ ọn láti 1976, Saturday ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ń sá a. July 4 ṣòroó pín bẹ́ẹ̀ torí ọjọ́ náà gan-an làwọn èèyàn fẹ́, àmọ́ ẹ fi sọ́kàn.

Ní ti àwọn sárésáré tó lórúkọ, ẹ gbàgbé ìyẹn. Eré Thanksgiving tí YMCA ń ṣe ní Buffalo, èèyàn 6 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1896, ọdún kan ṣáájú marathon Boston. Peachtree, eré 10K tí wọ́n ń sá ní Atlanta ní July 4 gan-an, èèyàn 110 ló sá a ní 1970, lónìí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń kún títì ibẹ̀ fọ́fọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò sí èyí tó ti ọ̀dọ̀ gbajúmọ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú méjèèjì, ńṣe ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọọdún, tó wá di ohun tí ọmọ àti bàbá ń jọ lọ.

Ọ̀nà náà wá ńkọ́. Kò pọn dandan kó jẹ́ 5K o. Ní Manchester ní Connecticut, eré Thanksgiving wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1927, máìlì 4.748 ni, nọ́ḿbà tí kò bá nǹkan kan mu, bí ìlú wọn ṣe rí ló rí, wọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti pè é ní 5K, ẹ jẹ́ kó pé 5K. Màmá tó rìn fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mélòó kan fẹ́ lè sọ fún ọmọ ẹ̀ pé 5K lòun rìn, kó sì jẹ́ òótọ́.

Ẹ má fi fóònù wọ̀n ọ́n. Kẹ̀kẹ́ ni USATF, àjọ tó ń rí sí eré sísá níbí, fọwọ́ sí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Jones counter, ìdí táyà iwájú ni wọ́n ń so ó mọ́, ó ń kà bí táyà ṣe ń yí. Kẹ́ ẹ tó wọn ọ̀nà, ẹ máa kọ́kọ́ fi téèpù irin wọn ibi tó gún régé kan, ó kéré tán mítà 300, ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ kọjá lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kẹ́ ẹ lè mọ iye tí ẹ̀rọ náà ń kà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá wọn ọ̀nà tán ẹ tún padà síbẹ̀ gùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin míì, torí tí oòrùn bá ti mú, afẹ́fẹ́ inú táyà á wú, iye yẹn á yí padà. Aago márùn-ún ìdájí lèmi máa ń ṣe é, ọlọ́pàá kan á máa tan iná tẹ̀ lé mi, títì á dákẹ́ rọ́rọ́, mi ò ní í gbọ́ nǹkan kan ju ẹ̀rọ yẹn tó ń ṣe tíkí-tíkí-tíkí nídìí táyà. Níbi tí ọ̀nà bá ti yà, ẹ máa sún mọ́ etí títì tó sẹ̀ǹtímítà 30, torí ọ̀nà tó kúrú jù lọ téèyàn lè gbà sá a ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe àárín títì. Wọ́n sì máa ń fi mítà 1 kún kìlómítà kọ̀ọ̀kan kó má baà kù síbì kan, ìyẹn ni pé 5K tó níwèé ẹ̀rí, mítà 5,005 ni. Ọdún 10 ni ìwé ẹ̀rí náà ń lò, nítorí náà owó tẹ́ ẹ bá ná sí i lọ́dún àkọ́kọ́ ò ṣòfò, àfi tí wọ́n bá wá gbẹ́ títì yín.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí fáwọn ọmọ yín tẹ́ ẹ bí síbí. Ẹni tó ṣáájú wọn kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ojú ọ̀nà eré ní Amẹ́ríkà, èèyàn dúdú ni, Ted Corbitt ni wọ́n ń pè é. Ó sá marathon ní Olympics Helsinki ní 1952, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ New York Road Runners ní 1958, ọdún 1964 ló gbé iṣẹ́ ńlá ẹ̀ lórí wíwọn ọ̀nà jáde. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń so ẹ̀rọ yẹn mọ́ táyà, orúkọ ẹ̀ máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ akápò yín ló wá kù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sórí pósítà pé gbogbo owó ló ń lọ fún àánú, àfi tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ká ní èèyàn 300 wá, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san dọ́là 30, dọ́là 9,000 nìyẹn. Ẹ ó sanwó fáwọn tó ń ka àkókò, ẹ ó ṣe tíṣáàtì, ẹ ó san owó ọlọ́pàá, ẹ ó rẹ́ǹtì ilé ìtọ̀ alágbèéká, ẹ ó ra omi àti yìnyín, ìnṣọ́ránsì, ambúláǹsì. Ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ 6,500. Dọ́là 2,500 ló máa dé ọwọ́ àwọn tó ń pín oúnjẹ. Owó gidi ni, kì í ṣe ohun ìtìjú, àmọ́ kì í ṣe gbogbo owó, ẹni tó san 30 dọ́là á sì bi yín lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, pé ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìnáwó. Èyí tó wá dáa jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn onílé ìtajà, àwọn dókítà eyín, àwọn lọ́yà, ìyàwó ilé tó ń ta oúnjẹ, pé kí wọ́n gbé ìnáwó yẹn, ẹ máa kọ orúkọ wọn sẹ́yìn tíṣáàtì. Tí wọ́n bá ti gbé e tán, ìgbà yẹn lẹ lè fi gbogbo ẹnu sọ pé kọ́bọ̀ kan nínú owó àwọn tó wá sáré ò bá ibòmíì lọ.

Ọ̀rọ̀ owó orí náà wà níbẹ̀. Ẹni tó san dọ́là 30, tó sáré, tó sì gba tíṣáàtì, kò lè sọ fún IRS, àjọ tó ń gba owó orí, pé ọrẹ àánú ni gbogbo ẹ̀, iye tó bá lé lórí ohun tó gbà nìkan ló lè kà sí ọrẹ, ìyẹn náà tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó ní ìwé 501(c)(3), ìwé tí ìjọba fi ń gbà pé ẹgbẹ́ aláàánú ni, ló sanwó fún. Tí ẹnì kan bá wá san ju dọ́là 75 lọ tó sì gba nǹkan padà, òfin ní kí ẹgbẹ́ aláàánú náà fún un ní ìwé tó sọ iye tí ohun tó gbà tó. Tí ẹgbẹ́ Yorùbá yín ò bá tíì ní ìwé yẹn, ẹ jẹ́ kí owó lọ tààrà sí àkáǹtì ilé oúnjẹ náà, tàbí ti kọmití páréèdì tí wọ́n bá ní in. Owó ò gbọdọ̀ gba orí fóònù ẹnikẹ́ni kọjá, ì báà jẹ́ ààrẹ yín, ì báà jẹ́ pásítọ̀. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tó fọ́ sí méjì torí owó eré, kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀ rárá, ó kàn jẹ́ pé orí àkáǹtì ẹnì kan lowó wọlé sí, kò wá lè rántí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Bí eré bá ti parí, kó tó pé ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ gbé àkọsílẹ̀ jáde, iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tẹ́ ẹ fún wọn. Ohun tó máa jẹ́ kéèyàn padà wá lọ́dún kejì nìyẹn, ó ju mẹ́dà lọ.

Ní ti ìwé, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́fà ṣáájú kò pọ̀ jù. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìlú, tí títì yẹn bá sì jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ẹ gba ti ìpínlẹ̀ náà. Ẹ má rò pé ìnṣọ́ránsì páréèdì ti bo eré yín, ẹ bi wọ́n kí wọ́n fi ìwé hàn yín. Ìlú púpọ̀ máa ń béèrè èyí tó tó mílíọ̀nù kan dọ́là, kí orúkọ ìlú sì wà nínú ẹ̀, USATF àti RRCA, àjọ àwọn ẹgbẹ́ sárésáré níbí, máa ń ṣètò ẹ̀ fáwọn tó bá wà lábẹ́ wọn. Òbí ló ń buwọ́ lùwé fún ọmọ tí ò tíì tó ọdún 18.

Oòrùn July, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré ẹ̀ nítorí pé ilé oòrùn la ti wá. Ìdí kejì nìyẹn tí mo fi ní aago mẹ́jọ má kọjá. Ẹni tó ń sáré tete gan-an ló sábà máa ń dákú, kì í ṣe ẹni tó ń rìn. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí ara ẹ̀ gbóná janjan, ẹ pe 911, àmọ́ ẹ má kàn dúró máa retí mọ́tò. Kẹ́ ẹ ti ní ọpọ́n ńlá kan nílẹ̀ níbi ìparí eré, omi àti yìnyín nínú ẹ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ambúláǹsì tó mọ iṣẹ́ náà, inú ẹ̀ ni wọ́n máa gbé e sí lójú ẹsẹ̀, ara á kọ́kọ́ tutù kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́sìbítù. Ní Falmouth ní Massachusetts, níbi eré máìlì 7 tí wọ́n ń sá nínú ooru August, láàárín ọdún 18 èèyàn 274 ni ara wọn gbóná dé ibi tó lè pani, inú omi yìnyín ni wọ́n ń gbé wọn sí, gbogbo wọn pátá ló yè. Àwọn nọ́ọ̀sì pọ̀ láàárín Yorùbá ibí, ẹ pè wọ́n tètè.

Ẹ bẹ àwọn páréèdì kí àwọn mọ́tò ńlá tí wọ́n fi ń dí ẹnu títì tètè wá síbẹ̀ láti aago méje, kì í ṣe kóònù lásán. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Waukesha ní Wisconsin ní November 2021, tí ẹnì kan wa mọ́tò wọ inú páréèdì Kérésì, tí èèyàn 6 kú, tó lé ní 60 tó fara pa, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí mọ́.

Àǹfààní tó wà nínú kéèyàn so eré mọ́ páréèdì náà pọ̀ o, títì tí wọ́n ti máa dí tẹ́lẹ̀, ọlọ́pàá tó ti máa wà níbẹ̀, ilé ìtọ̀ tó ti máa wà nílẹ̀. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn èrò. Láago mẹ́sàn-án wọ́n ti gbé àga wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ti fún ọmọ ní àsìá kékeré, kò tíì sí nǹkan tí wọ́n ń wò. Ọdún kejì tá a gbé eré wa sí aago mẹ́jọ, màmá yẹn padà wá. Èmi ni mo lọ sílé ẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó yọ sí máìlì tó kẹ́yìn yẹn, àwọn èrò rí i pé òun ló kù, ẹnì kan dìde, ẹlòmíì dìde, ká tó ṣẹ́jú gbogbo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti wà lórí ìdúró, àwọn ọmọdé ń ju àsìá sí i, ó ń fọwọ́ méjèèjì kí wọn bíi pé òun ni páréèdì. Ìṣẹ́jú 76 ló lò.

Mẹ́dà yẹn, ẹ ṣe é, inú àwọn èèyàn máa ń dùn sí i. Àmọ́ ẹ kà á dáadáa, torí ó máa ń tán kó tó kan àwọn tó dé kẹ́yìn, mo ti rí ibi tí wọ́n ti fún àwọn tó kàn wá wòran. Ẹ yọ bíi mẹ́wàá sílẹ̀ láti àárọ̀, kí wọ́n kó o fún ẹni tó ń bá ẹni ìkẹyìn bọ̀, kó wà nínú àpò ẹ̀ jálẹ̀ ọ̀nà.